Ẹsẹ̀ Tí Danka Fi Dúró

Fáìlì oníke aláwọ̀ ewé kan wà lórí àpótí aṣọ Mọ́pẹ́ ní Balbriggan. Inú rẹ̀ ló kó ìwé ìbéèrè ibi ìsádi sí nígbà tó dé Dublin lọ́dún 2001, kì í sì í jẹ́ kó jìnnà sí òun nígbà náà, àfi bí ẹni pé wọ́n lè wá béèrè rẹ̀ lójú oorun. Àwọn ìwé ìjọba ti kúrò nínú rẹ̀ tipẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni àwọn ìwé pélébé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú èyí tí wọ́n ń fi há inú ìwé ètò ní gbọ̀ngàn ìṣeré bí oníjó kan kò bá ní lè jó. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára gbogbo wọn: lágbájá kò ní jó lónìí, tàmẹ̀dò ni yóò jó dípò rẹ̀. Mọ́kàndínlógójì ni wọ́n. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí Mọ́pẹ́ ṣe lo ọdún mẹ́tàlélógún nílùú yẹn, kó ka àwọn ìwé náà tẹ̀lé ara wọn. Yóò rí gbogbo ohun tí Mọ́pẹ́ kò rí.

Olùtọ́jú àwọn arúgbó ni Mọ́pẹ́, ní ilé ìtọ́jú kan ní Coolock. Ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Òun ló ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn, òun ló ń mú wọn lọ sí ilé ìwẹ̀, tó ń mú wọn padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé bó bá ti wo arúgbó kan tó ń bọ̀ lọ́nà yàrá, ó lè sọ orúnkún tó ń dùn ún àti ìhà tí yóò ṣubú sí bó bá máa ṣubú. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìyẹn nílé ẹ̀kọ́. Ojú rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Ojú yìí kan náà ló gbé e dé ìdí ijó báléètì. Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé tí ìjọba kó àwọn olùwá-ibi-ìsádi sí, tí òfin kò gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́, tí ọjọ́ kan ń gùn bí ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin ìjọ Àgùdà kan mú tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Mọ́pẹ́ ní òun yóò lọ, torí wọ́n ní inú gbọ̀ngàn náà ń móoru. Ó gbé Pẹ̀lúmi ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, lé itan, ó sì jókòó lókè téńté. Nígbà kan lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan gbé obìnrin kan sókè orí, ó rìn yíká pẹ̀lú rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀, kò sì sí ìró kankan. Kò ró gbì. Kò tilẹ̀ ró fìrì. Mọ́pẹ́ tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ọkùnrin náà títí ijó fi tán. Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn láìṣe ẹ̀yìn ara ẹni léṣe, ọkùnrin yẹn ló ń rò.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ oníjó tó wá sí Dublin láti òkèèrè tí kò lọ wò. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ rò pé ó ń ṣe ojú ayé. Bísí, tó ń ṣètò àkókò iṣẹ́ ní Coolock, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, máa ń pè wọ́n ní "àwọn tó ń fi ìka rìn." Kò sí èyí tó ká Mọ́pẹ́ lára. Ohun tó ń ká a lára ni pé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í sọ ẹni tí yóò jó lọ́jọ́ wo. Èèyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù mẹ́rin ṣáájú, ọ̀sán ọjọ́ ijó gan-an ni wọ́n á tó lẹ orúkọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ Danka, oníjó obìnrin kan nínú ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ náà, sì wá di ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ọdún 2009 ni Mọ́pẹ́ kọ́kọ́ rí i, nígbà tó ṣì wà lára àwọn mẹ́rìnlélógún tó ń jó lẹ́yìn. Ó nawọ́ sí i, ó sì sọ fún obìnrin Dublin tó jókòó tì í pé, "Wo ẹni kẹta láti òsì. Bó bá fò, kì í dún bó bá balẹ̀." Obìnrin náà mú awò rẹ̀ gbójú, ó wò ó, ó ní lóòótọ́ ni. Ruth ni orúkọ obìnrin náà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, Phibsborough ló ń gbé. Ọjọ́ náà ni wọ́n di ọ̀rẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń ra àga méjì tó tẹ̀ léra.

Ijó kan wà tí ẹgbẹ́ Danka ń jó, tí wọ́n ń pè ní *Ọmọ Olùṣọ́ Iná*. Ọkùnrin kan ń ṣọ́ iná ńlá tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà létíkun. Ọkùnrin náà kú, ìjì dé, iná dúró, kò yí mọ́. Ní apá kẹta, ọmọbìnrin rẹ̀ gun òkè lọ, òun fúnra rẹ̀ sì di iná. Yóò dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, yóò na èkejì sẹ́yìn gbọọrọ, yóò sì máa yí díẹ̀díẹ̀, tí ojú rẹ̀ á máa kọjá lára gbogbo èrò bí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó bá yí i pé, yóò dìde sórí ìka ẹsẹ̀ náà, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀. Gbogbo oníjó tí Mọ́pẹ́ ti rí ló ń di ọwọ́ ọkùnrin kan mú nígbà tí wọ́n bá ń yí i. Danka nìkan ni wọ́n sọ pé kì í di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú.

Wọ́n sọ. Mọ́pẹ́ kò tíì fojú rí i. Lọ́dún 2013, ọ̀sán Sátidé nìkan ló ráyè, àwọn oníjó kéékèèké sì ni wọ́n ń fi síwájú lọ́sàn-án. Lọ́dún 2016, ìwé pélébé ló bá nínú ìwé ètò, ìwé ìròyìn sì ní Danka ti fi ọrùn ẹsẹ̀ òsì ṣèṣe. Lọ́dún 2019, Danka jó, ṣùgbọ́n baba arúgbó kan tí Mọ́pẹ́ tọ́jú fún ọdún mẹ́fà ń kú lọ lọ́jọ́ náà, kò sì ní ẹlòmíràn tó máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àrùn kòrónà ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ohun kan kò kúrò lọ́kàn Mọ́pẹ́ láti 2016. Ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo oníjó fi ń dúró yí i. Ẹsẹ̀ òsì náà ni Danka fi ṣèṣe. Ṣé ó ti padà sórí rẹ̀ ni, àbí ó ti kọ́ ara rẹ̀ láti fi ọ̀tún yí i? Ẹni tó ti kọ́ arúgbó bí wọ́n ṣe ń rìn lẹ́yìn tí ọrùn ẹsẹ̀ ti kán ló mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe tóbi tó.

Ìgbà tó wá di oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìròyìn jáde pé Danka ti pé ọmọ ogójì ọdún, ìrìn-àjò tó ń bọ̀ ló máa kẹ́yìn rẹ̀, Dublin ló sì máa kẹ́yìn ìrìn-àjò náà. Oṣù kejì ọdún 2024 ni, ìgbà mẹ́ta péré: alẹ́ Tọ́sìdeè, alẹ́ Fúráìdeè, ọ̀sán Sátidé. Mọ́pẹ́ lọ bá Bísí.

"Àǹtí Mọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́," ni Bísí wí. "Ọjọ́ kan ni mo lè fún yín. Ẹ̀yin náà mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe wọ́n wa tó."

"Ọjọ́ kan náà tó mi."

"Ṣé tìtorí àwọn tó ń fi ìka rìn yẹn náà ni? Àǹtí, ṣé wọn ò ní gìgísẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní gìgísẹ̀. Ìwọ ni o ò ní ojú."

Bísí rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa o. Ọjọ́ wo ni kí n kọ?"

Ruth ti sọ tirẹ̀: Tọ́sìdeè ni. Alẹ́ àkọ́kọ́ ni àwọn oníwèé ìròyìn ń wá, ẹni tó dára jù lọ ni wọ́n sì máa gbé síwájú wọn. Pẹ̀lúmi náà ti dá sí i, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì Dublin rẹ̀, torí kì í fi Yorùbá dá ìyá rẹ̀ lóhùn bó tilẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Mam, would you not just ring them and ask?"

"Wọn kì í sọ."

"Go on the Thursday so. Like Ruth said."

Ṣùgbọ́n Mọ́pẹ́ ti ro tirẹ̀ tán. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé àwọn kéékèèké ló ń ṣáájú, eégún ńlá ló ń kẹ́yìn ìgbàlẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é tí àgbà á sọ̀rọ̀ tán, tí yóò jókòó, tí ọmọdé á wá kádìí ìpàdé? Ìlú ìkẹyìn, ijó ìkẹyìn, ìdágbére ẹni ọdún mọ́kànlélógún lẹ́nu iṣẹ́: ọjọ́ ìkẹyìn ni. Ó tilẹ̀ ṣí fáìlì rẹ̀, ó rí i níbẹ̀ kedere pé ọ̀sán Sátidé kì í ṣe ti àgbà. Ó ní ti ọdún lásán nìyẹn, ti ìdágbére yàtọ̀. Ó sọ fún Bísí pé kó kọ Sátidé.

Ruth ní tirẹ̀ ra Tọ́sìdeè àti Sátidé, torí kò ní ọ̀gá tí yóò máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Fúráìdeè, Mọ́pẹ́ ń mu tíì lọ́wọ́ nílé ìtọ́jú nígbà tí Ruth pè é.

"Ó jó," ni Ruth wí. "Mọ́pẹ́, ó jó o."

"Ó yí i?"

"Ó yí i. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Kí ni?"

"Ẹsẹ̀ wo ló fi dúró, Ruth? Òsì ni àbí ọ̀tún?"

"Áà, mi ò mọ̀ o. Mò ń sunkún nígbà yẹn."

Mọ́pẹ́ gbé ife kalẹ̀. Ruth ní ojú méjì, ó ní awò, ó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, kò mọ ẹsẹ̀. Ruth ń sọ̀rọ̀ lọ pé wọ́n fún Danka ní òdòdó, pé ọ̀gá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, pé gbogbo èèyàn dìde. Kò sí ẹni tó nílò láti túmọ̀ ìyẹn fún Mọ́pẹ́. Wọ́n ti dágbére láìsí òun níbẹ̀. Síbẹ̀, láti Fúráìdeè di Sátidé, ó ń bá ara rẹ̀ sọ pé ẹni tó jó lẹ́ẹ̀kan lè jó lẹ́ẹ̀mejì.

Aago kan ọ̀sán Sátidé kò tíì lù nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ìwé orúkọ ti wà níbẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni yóò jó *Ọmọ Olùṣọ́ Iná*.

Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní báàjì láyà, Tàófíìkì ni wọ́n kọ sí i.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Káàsán. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì láti oṣù kẹwàá kí n lè rí Danka."

"Mummy, it's on the back of it there, look." Ó yí tíkẹ́ẹ̀tì náà padà. "Wọ́n lè... wọ́n lè pààrọ̀ oníjó."

"Mo ti ń ka gbólóhùn yẹn láti ìgbà tí ìwọ ti ń rá. Ṣé ó ti lọ ni?"

"Danka? Rárá o. Ó wà níbí. I saw her come in the back, herself and her coffee." Ó rí ojú Mọ́pẹ́, ó sì sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́."

Ìyẹn ló wá mú ọ̀rọ̀ náà burú. Bó bá jẹ́ pé Danka ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, ì bá yé èèyàn. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ilé kan náà, ó ń mu kọfí.

Ìbínú ni Mọ́pẹ́ fi jókòó, ìbínú náà ló sì fi wòran. Ọmọ náà kò jó burú. Ṣùgbọ́n ó ń dún bó bá balẹ̀, Mọ́pẹ́ sì ń ka ìró náà sínú. Nígbà tí apá kejì ń parí lọ, ọmọ náà fò, ó balẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kò sì gún. Mọ́pẹ́ tẹ ẹnu mọ́ Ruth létí. "Wo bó ṣe ń tiro. Eléyìí ni wọ́n ní ká wá wò." Bó bá jẹ́ Coolock ni, tó jẹ́ arúgbó kan ló gbé irú ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn lọ́nà yàrá, ì bá ti sáré dìde, ì bá ti pe nọ́ọ̀sì. Ibi tó jókòó sí yìí, àléébù ni ojú rẹ̀ ń wá, àléébù náà ló rí.

Iná gbọ̀ngàn tàn fún ìsinmi. Mọ́pẹ́ mú kóòtù rẹ̀.

"Jókòó," ni Ruth wí. "Apá kan ló kù."

"Èwo ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Wọ́n á dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa mú un yíká bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ìwẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, Ruth. Owó ni wọ́n ń san fún mi láti ṣe é."

"Ta ló wá máa bá mi sọ̀rọ̀?"

"Bá àga sọ̀rọ̀."

Ó rìn dé ibùdókọ̀ Connolly, ó wọ rélùwéè. Láti Connolly títí kọjá Malahide, níbi tí ọ̀nà irin ti gba orí omi kọjá, ìjà ló ń bá àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀ jà. Ó bá ọ̀gá ẹgbẹ́ oníjó jà. Ó bá ara rẹ̀ náà jà nítorí Tọ́sìdeè, kò sì jàre. Aago márùn-ún kù díẹ̀ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ní Balbriggan. Ilẹ̀ ń ṣú, iná kékeré tó wà létí èbúté ti ń tàn. Fóònù rẹ̀ dún.

"Mọ́pẹ́, níbo lo wà?" Ohùn Ruth kò dúró.

"Balbriggan."

"Ọlọ́run mi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni o. Kò lè dìde mọ́. Bí o ṣe jáde báyìí ni wọ́n sọ ọ́. Ìsinmi náà gùn, gbogbo wa jókòó sílẹ̀... Danka ló jó apá kẹta."

Rélùwéè tó gbé Mọ́pẹ́ wá ti ń lọ sí Drogheda. Èyí tó ń padà sí Dublin wà ní òdìkejì, àwọn èèyàn ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ni yóò gbé e padà dé ibẹ̀ fún? Eégún ńlá kẹ́yìn ìgbàlẹ̀ lóòótọ́. Òun ni kò dúró dè é.

"Ẹsẹ̀ wo?" ló béèrè nígbà tó ṣe.

Ruth bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí gbogbo èèyàn ṣe dìde.

"Ruth."

"Àga rẹ ni mò ń wò," ni Ruth wí. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo wo àga rẹ. Mò ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún ọ."

Ọjọ́ Túsìdeè ni Mọ́pẹ́ lọ sílé Ruth ní Phibsborough, kì í ṣe pé ìbínú rẹ̀ ti tán. Ruth gbé tíì kalẹ̀, ó sì fún un ní àpòòwé kan. Ìwé ẹnu ilẹ̀kùn ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi bírò pa orúkọ ọmọ náà rẹ́, tí wọ́n kọ orúkọ Danka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tàófíìkì ló já a bọ́ nígbà tí èrò ń jáde. Ó ti ń rí Ruth àti Mọ́pẹ́ pa pọ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. "Ó ní kí n fún Mummy tó bínú," ni Ruth wí. "Kí ló túmọ̀ sí gan-an?"

"Èmi náà nìyẹn."

Mọ́pẹ́ wo ìwé náà. Ìwé inú fáìlì rẹ̀ ti pé ogójì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí orúkọ Danka yóò wà ní ìhà àwọn tó jó dípò ẹlòmíràn.

"Jẹ́ kí n rántí," ni Ruth wí lójijì. Ó dìde, ó di ilẹ̀kùn press mú, ibi tó ń kó abọ́ sí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. "Ojú rẹ̀ ń bọ̀ láti ìhà fèrèsé báyìí. Ẹsẹ̀ tó nà sẹ́yìn wà ní..." Ó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀.

Kí Mọ́pẹ́ tó mọ̀, ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ọwọ́ kan lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́, ó ti gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sí ibi tó yẹ kó wà bí ẹni náà bá ṣubú.

"Òsì ni," ni Ruth wí. "Òsì ló fi dúró."

"Ó dá ọ lójú?"

Ruth gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, ó gbé èkejì. Ó di ojú. Mọ́pẹ́ ń gbọ́ bí mímí rẹ̀ ṣe ń lọ, ó ń gbọ́ bí ìwúwo rẹ̀ ṣe ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́wọ́ òun.

"Rárá," ni Ruth wí. "Dúró ná. Bóyá ọ̀tún ni."

"Sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, Ruth."

"Jẹ́ kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mọ́pẹ́ dì í mú dáadáa. "Ó yá," ló wí. "Yí i."